Èédú ṣùkù àgbàdo tó ń gba aró lómi: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti orí iná dé inú páìpù

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ kò le láti ṣàlàyé: páìpù méjì tó kún fún èédú, tí omi tí wọ́n ti fi pa aṣọ láró yóò gba inú wọn kọjá, tí aró inú rẹ̀ yóò sì kù sínú páìpù. Èédú náà gbọ́dọ̀ wá láti inú ohun tí àgbẹ̀ ń kó dànù. N kò fẹ́ ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti sè tán. Kíkọ́ páìpù kò gba àkókò rárá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí mo ṣe máa mọ̀ pé aró ti kúrò nínú omi lóòótọ́, nítorí àwọ̀ lè pòórá lójú kí aró ṣì jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò fi gba ibi tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Pé èédú ń gba àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Tobias Lowitz, onímọ̀ kẹ́míkà, ti rí i ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1785, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tó ń ṣe ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú egungun sọ ṣúgà di funfun. Ohun tó yí padà ni aró fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1856 tí William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, ti ṣèèṣì bá aró aláwọ̀ àlùkò pàdé níbi tó ti ń wá oògùn ibà, aró inú láàbù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aró inú ewé. Wọ́n ṣe wọ́n kí oòrùn má lè pa wọ́n, kí ọṣẹ má lè ṣí wọn. Agídí yẹn náà ni wọ́n ń gbé wọ inú odò.

Ohun tí mo sun

Èèpo ìrẹsì àti ṣùkù àgbàdo ni mo fi wéra. Èèpo ìrẹsì máa ń gbẹ látilẹ̀, kò sì ní kí a máa gé e, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú kílò kan èèpo tó gbẹ, eérú á tó nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ sílíkà, ohun kan náà tí iyanrìn jẹ́. Gbogbo àyè tí sílíkà bá gbà lára èédú, kábọ́ọ̀nù ti pàdánù rẹ̀. Eérú inú ṣùkù kéré púpọ̀ sí èyí, àárín rẹ̀ sì rí hóló-hóló, tí ooru fi ń tètè wọ̀ ọ́. Mo mú ṣùkù.

Mo ṣẹ́ ẹ sí ègé tó tó àtàǹpàkò, mo sá a títí ó fi ń dún pẹ́ẹ́ bí mo bá ṣẹ́ ẹ. Ẹ má fojú di gbígbẹ yìí. Omi tó bá kù nínú ṣùkù, igi ìdáná ló máa san án.

Agolo inú àgbá

Agolo kékeré tó ní ìdérí ni mo kó ṣùkù sí. Mo tẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo dé e, mo fi wáyà di ìdérí rẹ̀ pinpin. Mo fi ìṣó lu ihò mélòó kan sí ìdí agolo náà, kò sí èyí tó fẹ̀ ju ẹnu bírò lọ. Mo wá gbé e sínú àgbá ńlá, lórí ègé bíríkì, kí ìdí rẹ̀ má bàa jókòó sórí eérú, mo sì to igi gbígbẹ yí i ká. Àgbá ńlá ní ihò afẹ́fẹ́ yíká ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti páìpù èéfín lórí.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun sínú agolo, ẹ sun ún lófìfo lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó tán. Ẹ má sì lo páànù tí wọ́n fi sínkì bò rárá. Ooru irú iṣẹ́ yìí ń sọ sínkì di èéfín, ẹni tó bá fà á símú á gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Atẹ́gùn kò rí ọ̀nà wọ inú agolo, nítorí náà ṣùkù kò lè jó di eérú. Ooru kàn ń lé omi, ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ àti gáàsì jáde lára rẹ̀ ni. Gáàsì yẹn ń gba ihò ìdí agolo bọ́ sínú iná, ó sì ń jó níbẹ̀. Èéfín tí ì bá bo gbogbo àyíká wá di ìdáná.

Èéfín funfun tó nípọn ló kọ́kọ́ yọ; omi inú ṣùkù nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó pọ́n díẹ̀ tẹ̀ lé e, tó ń ta sójú. Nígbà tó yá, ihò ìdí agolo bẹ̀rẹ̀ sí í tu iná jáde fìì-fìì bí ẹnu sítóòfù gáàsì. Mo jẹ́ kí igi máa jó lọ títí iná ẹnu ihò wọ̀nyẹn fi kú fúnra wọn. Bí wọ́n bá kú tí igi ẹ̀gbẹ́ ṣì ń jó, gáàsì inú ṣùkù ti tán.

Ẹ má ṣí agolo nígbà tó bá gbóná. Èédú gbígbóná tó bá pàdé atẹ́gùn lójijì á gbiná, gbogbo iṣẹ́ á sì di eérú lójú yín. Mo fi amọ̀ tútù dí ihò ìdí rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti máa ṣe é: gáàsì carbon monoxide tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í fún èèyàn láyè láti ronú pìwà dà.

Ohun tó kù nínú agolo máa ń wà láàárín ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ṣùkù tó wọlé.

Ṣé ó jinná?

N kò ní ẹ̀rọ tó ń ka ooru tó ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èédú fúnra rẹ̀ ni mo bi. Mo fi í ra ọwọ́, mo sì fi omi lásán ṣan án. Èyí tó jinná á ṣí kúrò láìlo ọṣẹ. Èyí tí ọ̀dà ṣì wà nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ awọ, á sì máa rùn.

Ìdánwò kejì ló dùn mọ́ mi jù. Mo fi ẹnu wáyà méjèèjì mítà iná kan ègé èédú kan. Èédú tí ooru rẹ̀ kò pọ̀ kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá; èyí tí ooru rẹ̀ ti wọ bíi dígírì 600 sí 700 máa ń jẹ́ kó kọjá, nọ́ńbà á sì yọ lójú mítà. Àwọn ègé tó wà lẹ́bàá agolo fún mi ní nọ́ńbà, àwọn tó wà láàárín gan-an kò fún mi ní nǹkan kan. Agolo náà fẹ̀ jù: ooru kò dé àárín rẹ̀ bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń lò báyìí, nọ́ńbà àárín àti ti ẹ̀gbẹ́ sì ti sún mọ́ra.

Ẹ má rò pé ooru tó ga jù ló dára jù o. Èédú tí a sun ní dígírì 300 sí 400 ṣì ní ọ́síjìn púpọ̀ lójú rẹ̀, ọ́síjìn yìí sì máa ń di aró kan mú dáadáa. Bí ooru bá ga sí i, ọ́síjìn á dín kù, ṣùgbọ́n ihò tíntìntín inú èédú á ṣí sí i. Mólékù methylene blue, aró búlúù tí mo fi dán èédú wò, gùn tó nǹkan bíi nánómítà 1.4 (bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ni nánómítà). Ihò tó bá há jù fún un kò wúlò fún un, bó ti wù kí irú ihò bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó. Níbi yìí ni èédú ilé iṣẹ́ ti gba iwájú lọ́wọ́ tèmi. Wọ́n máa ń fi ooru omi tàbí kẹ́míkà gbẹ́ ihò sínú tiwọn, débi pé ojú inú gíráàmù kan ṣoṣo lè fẹ̀ tó mítà 500 sí 1,500 níbùú-lóròó. Èédú lásán kò lè bá a dé ibẹ̀. Èyí tó ní lọ́wọ́ ni pé ohun ìdọ̀tí ni a fi ṣe é, a sì lè lo púpọ̀ rẹ̀.

Fífọ̀ àti jíjọ̀

Omi eérú ni omi àkọ́kọ́ tó ṣàn lára rẹ̀. Pọ́tásíọ̀mù inú ṣùkù kì í bá èéfín lọ, ara èédú ló ń kù sí, bébà pH sì fi hàn pé ó ju 9 lọ (pH ni nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó: 7 ni àárín, ásíìdì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi eérú àti sódà wà lókè). Mo rẹ èédú mọ́jú sínú omi tí mo da fínígà díẹ̀ sí, mo wá ń fi omi lásán fọ̀ ọ́ títí pH fi bọ́ sí ìtòsí 7. Ẹni tó bá fo apá yìí, eérú ni yóò máa dán wò, kì í ṣe èédú, nítorí omi eérú nìkan tó láti yí ìṣesí àwọn aró kan padà.

Mo gún un, mo fi aṣọ bo imú, mo sì fi ajọ̀ méjì jọ̀ ọ́. Èyí tó kọjá nínú ihò mílímítà 1, tí ihò mílímítà 0.5 dá dúró, ni ti páìpù. Èyí tó di lẹ́búlẹ́bú ń gba aró kíákíá ju ti páìpù lọ, nítorí ọ̀nà tí aró máa rìn dé inú ihò kúrú, ṣùgbọ́n bí a bá dà á sínú páìpù, omi kò ní kọjá mọ́. Mo tọ́jú rẹ̀ fún ìdánwò inú ìgò.

Ìgò mẹ́ta àti fóònù kan

Methylene blue ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà láyé láti 1876, òun sì ni ọ̀pọ̀ láàbù fi ń dán èédú wò, nítorí náà ó rọrùn láti fi iṣẹ́ ẹni wé ti ẹlòmíràn. Mo po mílígíráàmù 10 sínú lítà omi kan, mo pín in sínú ìgò. N kò da nǹkan kan sí àkọ́kọ́. Mo da gíráàmù kan èédú sí lítà kan nínú èkejì. Mo da ìwọ̀n kan náà ṣùkù tí a kò sun, tí a kàn lọ̀, sínú ẹ̀kẹta.

Ìgò tí n kò da nǹkan sí ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Methylene blue máa ń lẹ̀ mọ́ dígí, ó sì fẹ́ràn òwú púpọ̀. Bí mo bá fi òwú sẹ́ omi kí n tó wò ó, òwú á gba tirẹ̀, wọ́n á sì máa yin èédú fún iṣẹ́ tí kò ṣe. Nítorí náà n kò sẹ́ nǹkan kan. Mo jẹ́ kí èédú rọ̀ sílẹ̀, mo sì fa omi òkè wò.

Fún wíwọn àwọ̀, mo gbé ìgò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sínú páálí tí mo kùn ní dúdú, mo fi bébà funfun àti gílóòbù sẹ́yìn rẹ̀, mo di fóònù mọ́ iwájú. Ohun tí methylene blue ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ ni pupa, ní nǹkan bíi nánómítà 664, nítorí náà nọ́ńbà pupa inú fọ́tò ni mo ń kà. Ẹni tó bá ń ka búlúù á máa wo ohun tí aró kò fọwọ́ kàn. Mo po aró sí 10, 5, 2.5 àti 1.25 mílígíráàmù nínú lítà, mo ya fọ́tò gbogbo wọn pẹ̀lú omi lásán, mo sì fi wọ́n ya ìlà tí mo ń fi ka àwọn yòókù. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà pa sójú kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, á sọ gbogbo ìgò di ẹgbẹ́ ara wọn.

Èédú ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí búlúù inú ìgò kejì ti rẹ̀ wẹ̀sì, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ fóònù kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín rẹ̀ àti omi lásán mọ́. Ṣùkù tí a kò sun náà gba aró, ó gbà á dáadáa pàápàá, ṣùgbọ́n ó tu àwọ̀ ilẹ̀ tirẹ̀ sómi, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. A kò lè fi aró kan pààrọ̀ ìbàjẹ́ mìíràn.

Àwọ̀ lọ, aró ńkọ́?

Ibí ni mo ti dúró jù. Mo da ṣúgà glucose àti sódà kọ́síìkì díẹ̀ sínú ìgò methylene blue mìíràn tí kò ní èédú rárá, mo dé e, mo gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́ tí búlúù náà ṣí, tí omi mọ́ gaara. Mo gbé ìgò, mo mì ín jìgì-jìgì: búlúù padà dé! Mo gbé e kalẹ̀, ó tún lọ. Gbogbo aró tí mo pò ló wà nínú omi yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Glucose ló fi hydrogen kún un tó sọ ọ́ di aláìláwọ̀, atẹ́gùn inú ìgò ló sì ń dá àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ wá wo omi tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró jáde: sódà wà nínú rẹ̀, sítáàṣì tí wọ́n fọ̀ kúrò lára òwú wà nínú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kò sì ní pẹ́ dé ibẹ̀. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá dúró nínú páìpù tí atẹ́gùn kò sí, àwọ̀ rẹ̀ lè lọ láìjẹ́ pé èédú fọwọ́ kàn án. Ti àwọn aró azo, ìyẹn àwọn tí nitrogen méjì so pọ̀ láàárín mólékù wọn, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò inú omi tí kò ní atẹ́gùn máa ń gé ìsopọ̀ yẹn, àwọ̀ á lọ pátápátá, ohun tó bá sì kù sómi, àwọn amine, lè léwu ju aró lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé Congo red, aró azo kan, wá síbi iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi dán èédú wò: láti ara benzidine ni wọ́n ti ṣe é ní 1883, benzidine sì ń fa jẹjẹrẹ.

Ohun méjì ni mo wá sọ di dandan. Mo máa ń mi omi tó bá jáde pẹ̀lú atẹ́gùn, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó ka nọ́ńbà rẹ̀. Èkejì, mo máa ń bi èédú léèrè ohun tó gbé: mo bu díẹ̀ nínú èyí tó ti ṣiṣẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù tí mo kán ásíìdì díẹ̀ sí. Búlúù rọra yọ́ jáde lára èédú dúdú, ó ń rìn bí èéfín nínú ìgò. Kì í jáde tán, ṣùgbọ́n ó tó ẹ̀rí pé inú èédú ló wà.

Aró tí kò fẹ́ wọlé

Lẹ́yìn methylene blue ni mo dán aró pupa tí wọ́n fi ń pa òwú wò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní reactive, tó dé ọjà ní 1956. Irú yìí máa ń so ara rẹ̀ mọ́ òwú pinpin, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rí òwú so mọ́. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lè bá omi lọ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Fún èyí nọ́ńbà àwọ̀ ewé ni mo kà nínú fọ́tò.

Èédú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Methylene blue gbé iná + nínú omi, aró reactive gbé −. Èédú náà ń gbé ọ̀kan nínú méjèèjì, pH omi ló sì ń sọ èyí tó máa jẹ́. Láti mọ ibi tó ti ń yí padà, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, mo pín in sí ìgò, mo fi ásíìdì àti sódà gbé pH wọn láti 3 dé 11, mo da èédú sí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì, ìgò tí pH rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà ló sọ fún mi ibi tí èédú kò ti gbé + tàbí −. Ti èédú mi wà nítòsí 8. Lókè 8, − ló ń gbé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, +. Omi aró reactive ní sódà, pH rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 11. Èédú −, aró −: wọ́n ń ti ara wọn dànù.

Ẹni tó bá ń ṣọ́ mi á béèrè pé methylene blue wọlé ní pH 6, níbi tí èédú ti yẹ kó lé e. Òótọ́ ni. Iná nìkan kọ́ ló ń mú aró dúró; òrùka kábọ́ọ̀nù tó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú mólékù aró máa ń sùn lé òrùka tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú èédú, wọn kì í sì í fẹ́ dìde. Nígbà tí mo gbé pH lọ sí 9, ó wọlé kíákíá sí i.

Fún aró pupa, mo ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni kí n fi ásíìdì sọ omi kalẹ̀ sí pH 3 tàbí 4. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ásíìdì tí sódà inú omi yẹn máa jẹ pọ̀ jù, a ó sì tún ní láti tún pH ṣe kí omi tó jáde. Èkejì ni mo yàn: mo rẹ ṣùkù sínú omi magnesium chloride, irú iyọ̀ kan, kí n tó sun ún, mo sá a gbẹ, mo sì sun ún bí ti tẹ́lẹ̀. Iná sọ ọ́ di magnesium oxide tó lẹ̀ mọ́ ara èédú, ojú magnesium oxide sì ń gbé + títí pH á fi sún mọ́ 12. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kan sódà inú omi mọ́. Pupa náà wọlé, kò yá bíi ti búlúù, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Àbùkù rẹ̀ méjì. Nígbà tó ń jó, gáàsì hydrogen chloride yọ, ó ń ta ní imú gan-an, ó sì jẹ agolo. Ẹ dúró sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà, èédú yìí kò gbọdọ̀ rí fínígà: ásíìdì á yọ́ magnesium oxide dànù, gbogbo wàhálà á sì di òfo. Omi lásán ni mo fi fọ̀ ọ́.

Páìpù

Páìpù pílásítíìkì tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 ni. Bí èédú inú rẹ̀ bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 51, ó gba lítà kan. Òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn tí a fọ̀, èédú, iyanrìn lẹ́ẹ̀kan sí i lókè kí èédú má bàa léfòó. Mo kọ́kọ́ se èédú nínú omi kí atẹ́gùn inú ihò rẹ̀ jáde. Èédú gbígbẹ á kàn máa léfòó bí ìyẹ́ ni.

Láti ìsàlẹ̀ ni omi ti ń wọlé, tó ń gòkè. Bí a bá dà á láti òkè, ó máa ń wá ọ̀nà àbùjá, á sì máa gba ibẹ̀ lọ láìkan èédú tó pọ̀ jù. Mo ti ẹnu ẹ̀rọ débi tí mílílítà 100 ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, kí omi lè lo ìṣẹ́jú 10 láàárín èédú. Lítà 6 ní wákàtí kan nìyẹn. Kò yá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i sí i, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lókè.

Èédú lásán wà nínú páìpù kìíní, ti magnesium wà nínú èkejì, ẹnu ẹ̀rọ kékeré sì wà láàárín wọn tí mo ti ń bu omi wò. Ẹni tí aró rẹ̀ jẹ́ irú kan ṣoṣo lè fi irú èédú kan náà sínú páìpù méjèèjì. Bí ti iwájú bá kún, kí ó gbé ti ẹ̀yìn síwájú, kí ó sì fi èédú tuntun sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ọjọ́ tí aró máa bọ́ síta lójijì.

Omi kò gbọdọ̀ lọ tààrà sínú páìpù láti inú ìkòkò aró. Kó dúró nínú garawa kí òwú àti ìdọ̀tí rọ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ indigo (aró ẹ̀lú) ni, ẹ má fi èédú ṣòfò: ìgbà tó wà nínú ìkòkò láìrí atẹ́gùn nìkan ló ń yọ́ sómi, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, á di búlúù tí kò lè yọ́ mọ́, á sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Fún ìṣirò, ká ní gíráàmù 200 èédú ló wà nínú lítà kan yẹn, ká ní gíráàmù kọ̀ọ̀kan lè gba mílígíráàmù 20 aró, ká sì ní mílígíráàmù 50 ló wà nínú lítà omi kan. Gbogbo èédú náà lè gbé mílígíráàmù 4,000, ìyẹn omi lítà 80, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, nítorí aró á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí ó tó kún tán. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ omi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣùkù. Irving Langmuir, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1918: àyè tó wà lójú nǹkan níye, bí gbogbo wọn bá ti ní olùgbé, ẹni tó dé kẹ́yìn á wá ibòmíràn lọ.

Ohun tí èédú kò sì fọwọ́ kàn ni iyọ̀. Wọ́n lè da gíráàmù 50 dé 100 iyọ̀ sínú lítà kan omi aró reactive bí àwọ̀ bá jìn, bó ṣe wọ páìpù náà ló ṣe ń jáde. Omi tó mọ́ gaara yẹn lè pa ohun ọ̀gbìn síbẹ̀.

Èédú tó ti yó

Kò lọ sí oko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ ń fi èédú tún ilẹ̀ ṣe. Kò lọ sínú ààrò. Àwọn aró mìíràn ní irin nínú mólékù wọn, bàbà àti chromium, iná kì í sì í jó irin. Mo dá èédú tó gba methylene blue nìkan padà sínú agolo, mo sì tún un sun níta, nítorí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Sọ́fúrù inú mólékù rẹ̀ ń di gáàsì tó ń ta lọ́fun, nítorí náà mo jẹ́ kí iná ẹ̀gbẹ́ jó fòfò kí n tó gbé e wọlé, mo sì dúró jìnnà. Èédú náà ṣì gba aró lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn dín díẹ̀. Ti aró pupa wà nínú garawa tó ní ìdérí, pẹ̀lú àkọlé lára rẹ̀, títí mo fi máa rí ẹni tó lè dán irin inú rẹ̀ wò ní láàbù.

Ní báyìí páìpù méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tó ní magnesium ló sì ń tètè kún. Agolo tí magnesium chloride jẹ ti lu nídìí, ihò tí mo fi ìṣó lu àti èyí tí ìpatà gbẹ́ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Èyí tó kàn máa jẹ́ sítéènìlẹ́ẹ̀sì, tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì gùn.